Ààbọ̀ Orí Òjélàdé

Òjélàdé ló dá òfin náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Múfútáù onígbàjámọ̀ pé ẹni tó bá gbèjà olè, ààbọ̀ orí ni kí wọ́n fá fún un. Káńsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú Ọkọ́ ló gbé bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn lọ sílé ara rẹ̀ nígbà náà. Ṣíttù, ọmọ ẹgbẹ́ Ọkọ́, ní ó fẹ́ tún un ṣe ni, ló bá gbé ààbọ̀ orí délé. Òjélàdé, ọmọ ẹgbẹ́ Garawa, rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n dìbò, Garawa wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Òjélàdé fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, kílípà ti gba apá ọ̀tún orí rẹ̀ kọjá nígbà tí Ṣíttù wọlé.

"Ẹ kú ìmúra, bàbá. Káńsẹ́lọ̀ yín ti gbé fìríìjì ilé ìwòsàn lọ sílé."

"Ó ń bá wa tọ́jú ẹ̀ ni."

Múfútáù pa kílípà. "Ẹ sọ pé olè ni, kí n parí orí yín."

"Olè kẹ̀? Ọmọ ẹgbẹ́ wa?"

"Bàbá, pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹ dìde," ni Múfútáù wí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gba orí náà là. Òjélàdé gbé e mì, ó dé fìlà, ó gba ilé àna lọ. Ó ti gbàgbé pé a kì í dé fìlà dọ̀bálẹ̀ fún àna. Nígbà tó ṣí i, tó nà gbalaja sílẹ̀, ìyá ìyàwó wo orí náà títí.

"Ẹ káàbọ̀ o, àna wa," ló wí. "Ààbọ̀ yòókù ńkọ́? Ṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"