Ọkọ̀ Tí Àwọn Ènìyàn Dáhùn Fún

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ń wakọ̀ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò yà síbòmíràn, èbúté Lémíkàn apẹja àti Jẹ́gẹ́dẹ́ agbẹ́kọ̀ ló gúnlẹ̀ sí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yára rín in báyìí, nítorí àlọ́ yìí kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Ní ìlú kan tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ọkọ̀ tuntun kì í ṣàdédé wọ òkun. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sórí ọ̀sà, níbi tí omi ti dákẹ́, wọ́n á bi í léèrè. Ẹni tó ni ín á jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń pẹja, á ní, "Ọkọ̀, ṣé o gbà wá?" Láyé àtijọ́, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn. Wọ́n á bu omi kún un, wọ́n á mì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n á wo ohun tó máa ṣe. Nígbà tó yá, iṣẹ́ yẹn sú wọn. Orin nìkan ni wọ́n ń kọ, àwọn tó dúró létí omi á sì bá ọkọ̀ dáhùn pé, "Ó gbà!" Ó parí. Wọ́n á pín àkàrà, wọ́n á lọ sílé.

Ọkọ̀ Lémíkàn ti gbó. Bí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ṣe ń pẹja ni wọ́n ń gbọ́n omi. Ìgbà ẹja sì ti dé tán, oúnjẹ ọdún gbogbo ilé wọn wà nínú òkun. Ló bá lọ bá Jẹ́gẹ́dẹ́ kó gbẹ́ ọkọ̀ tuntun fún òun.

Jẹ́gẹ́dẹ́ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó láhun. Kì í lè ju nǹkan nù. Nígbà tó la igi tó gé, inú igi náà ti jẹrà lápá kan. Ó wò ó títí.

"Kí n wá da igi ràbàtà yìí nù? Ta ló máa rí i?"

Ó ha apá tó jẹrà kúrò fín-ín-fín. Ẹ̀gbẹ́ kan wá fẹ́lẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì nípọn. Ó fi èédú àti epo pa á lára títí ó fi ń dán gbinrin.

Ọjọ́ ìbéèrè pé. Gbogbo ìlú tú jáde. Lémíkàn àti àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, Lémíkàn sì gbé orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọkọ̀ tuntun, ṣé o gbà wá?
*Wà á jẹ́jẹ́.*
Ọkọ̀ tuntun, ṣé o gbà wá?
*Wà á jẹ́jẹ́.*
Ìgbì ń bọ̀ lọ́tùn-ún, ìgbì ń bọ̀ lósì,
*Wà á jẹ́jẹ́.*
Ọmọ ìyá kan náà la jókòó sínú rẹ,
*Wà á jẹ́jẹ́.*
Ṣé o gbà wá o, ṣé o gbà wá?
*Wà á jẹ́jẹ́.*

"Ó gbà!" Etí omi hó yèè.

Lémíkàn ò dìde. Igbá ló mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sínú ọkọ̀. Ṣàà! Ṣàà!

Jẹ́gẹ́dẹ́ pariwo. "Lémíkàn! Àwọn ènìyàn ń gbọ́n omi jáde, ìwọ ń gbọ́n ọn wọlé. Ṣé kò sí nǹkan?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Lémíkàn fi orúkọ ọmọ Jẹ́gẹ́dẹ́ pè é, ó ní, "Bàbá Kúmápàyí, ẹ má bínú. Ọkọ̀ ni mo bi léèrè, kì í ṣe àwọn tó wà létí omi."

Bí omi ṣe dé kókósẹ̀ wọn, Lémíkàn mi ọkọ̀ díẹ̀. Gẹ̀ẹ̀, ó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Omi inú rẹ̀ ṣàn lọ bá a níbẹ̀. Ó pẹ́, ó pẹ́, kó tó rọra padà. Lémíkàn tún un mì. Ẹ̀gbẹ́ yẹn kan náà ló tún rọ̀ sí.

"Omi lo dà sí i! Kí lo fẹ́ kó ṣe?" Jẹ́gẹ́dẹ́ ló wí bẹ́ẹ̀.

"Ìgbì náà á dà á sí i, Bàbá. Bó bá dá yín lójú, ẹ wọlé, kí a jọ bu omi kún un tán."

Jẹ́gẹ́dẹ́ wo omi, ó wo ọkọ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn mí." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni.

Àbúrò Lémíkàn fà á láṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, ojú ń tì mí. Ẹ jẹ́ ká mú un. Gbogbo ìlú ló ní ó gbà."

"Gbogbo ìlú kọ́ ló máa jókòó sínú rẹ̀." Lémíkàn sọ̀ kalẹ̀. "Ó gbà wá jókòó. Kò lè gbà wá lọ́wọ́ òkun."

Ni Jẹ́gẹ́dẹ́ bá wọ́ ọkọ̀ náà lọ sẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó sì fi orin lé Lémíkàn:

Lémíkàn, apẹja orí ilẹ̀,
*Wà á jẹ́jẹ́.*
Ó fẹ́ fi igbá gbọ́n òkun gbẹ,
*Wà á jẹ́jẹ́.*

Orin yẹn gba ìlú kan. Ìyàwó Lémíkàn ò lè lọ pọnmi kí wọ́n má kọ ọ́ sí i. Lémíkàn ń lẹ ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó.

Jẹ́gẹ́dẹ́ ní ọmọ kan ṣoṣo, Kúmápàyí. Ó ti lọ kí àwọn àna rẹ̀ lókè odò. Ìgbà tó dé, bàbá rẹ̀ wà nínú igbó, ó ń wá igi. Kúmápàyí gbọ́ orin, ó rí ọkọ̀ dídán lẹ́yìnkùlé, ó bi àwọn aládùúgbò.

"Ọkọ̀ bàbá rẹ gbà o," wọ́n ní. "Lémíkàn ló sá."

"Èmi ni màá wà á, kí wọ́n mọ̀ pé bàbá mi kì í gbẹ́ ọkọ̀ burúkú."

Ó wọ́ ọ lọ sí òkun. Ọjọ́ náà, òkun ń bú.

Bí Jẹ́gẹ́dẹ́ ṣe dé tó rí i pé ẹ̀yìnkùlé ṣófo, tí wọ́n sì sọ ẹni tó gbé ọkọ̀ fún un, àáké já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré lọ bá Lémíkàn. "Ọmọ mi... Ọmọ mi ló wa ọkọ̀ yẹn lọ, Lémíkàn."

Lémíkàn ju àwọ̀n sílẹ̀. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti ọkọ̀ gbígbó sínú ìgbì. Ọ̀kan ń wakọ̀, ọ̀kan ń gbọ́n omi, Lémíkàn ń pè:

Kúmápàyí o, ṣé o gbọ́ mi?
*Wà á jẹ́jẹ́.*
Bàbá rẹ ń dúró létí òkun,
*Wà á jẹ́jẹ́.*
Kúmápàyí o, dá mi lóhùn,
*Wà á jẹ́jẹ́.*

Ìgbì nìkan ló dáhùn. Gbì! Gbì!

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n padà dé. Wọ́n so ọkọ̀ tuntun mọ́ ẹ̀yìn tiwọn, ó dojú délẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán.

"Ṣé ẹ rí ọkọ̀?" Jẹ́gẹ́dẹ́ béèrè.

"A rí i, Bàbá."

"Ṣé ó fọ́?"

"Kò fọ́."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

Lémíkàn dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn níwájú rẹ̀.

Àwọn ènìyàn bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Òkun burú! Irú èyí ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

Jẹ́gẹ́dẹ́ gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́. Kì í ṣe òkun. Igi náà ti jẹrà. Mo rí i lọ́jọ́ tí mo là á. Mo mọ̀, mo sì ń kọrin."

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ń bi ọkọ̀ léèrè ní ìlú yẹn, ẹnikẹ́ni létí omi kì í la ẹnu. Omi tí wọ́n ń bù sínú ọkọ̀ nìkan lẹ máa gbọ́. Jẹ́gẹ́dẹ́ ló sì ń kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀.

Ibí ni mo so ọkọ̀ àlọ́ mi mọ́lẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí itọ́ ẹnu mi korò bí omi òkun. Ẹ wò ó, mo gbé e mì, kò korò.

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé, ohunkóhun tí a bá fẹ́ fi ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́, kí a dán an wò fúnra wa, kí a má ṣe gba ariwo ènìyàn ní ìdáhùn. Ẹni tó bá sì mọ àbùkù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó tètè sọ ọ́, nítorí kò mọ ọmọ ẹni tó máa jókòó lé e.