Ìlà Tó Ń Ráhùn

Láoyè àbúrò mi, gbọ́ ìtàn kan. Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá ilé ìwòsàn kan. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Ó wá di pé kọ̀ǹpútà náà ń dákú lẹ́nu iṣẹ́, á sì tún jí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọkùnrin yìí ní irinṣẹ́ kan tó ń ṣọ́ kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn kọ̀ǹpútà, tó sì máa ń sọ ibi tí iṣẹ́ ti há. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kánẹ́ẹ̀lì sí tuntun ni, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ ka gbogbo ìlà ìtọ́ni irinṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀ kó tó lè lò ó. Kọ̀ǹpútà kà á, ó kọ̀ ọ́. Ó ní ìlà kan ń wá nǹkan níbi tí nǹkan náà ò sí mọ́.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ìráhùn. Ọkùnrin náà ní, “Ìlà kan ṣoṣo ló fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́?” Ó yọ ọ́ dànù. Kọ̀ǹpútà tún irinṣẹ́ kà, ó gbà á wẹ́rẹ́. Ó bá fẹ̀yìn ti àga, ó ní kí wọ́n bá òun ra mínírà tútù. Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Látìgbà náà, àlàáfíà ni irinṣẹ́ ń ròyìn. Kọ̀ǹpútà sì ń dákú lọ ní tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan bímọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dá. Dókítà ń retí èsì kó tó lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Kọ̀ǹpútà dákú. Nọ́ọ̀sì kan ló fẹsẹ̀ sáré lọ gba èsì ní yàrá àyẹ̀wò. Ọlọ́run ló yọ ìyá ọlọ́mọ. Díẹ̀ báyìí ló kù.

Nọ́ọ̀sì náà ò tilẹ̀ dúró pààrọ̀ aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí kó tó wá bá ọkùnrin náà. “Ọ̀gá, ẹ ò ní nǹkan tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yìí ni?”

“Mo ní. Kò rí nǹkan kan.”

“Kí ló wá ń ṣọ́?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó padà lọ wo ìlà tó yọ. Háà! Ìlà yẹn gan-an ló ń wo àwọn iṣẹ́ tó há. Ó wá ibi tí kánẹ́ẹ̀lì tuntun gbé nǹkan náà lọ, ó tún ìlà kọ kó lè máa wo ibẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni, kò gbà á lágbára rárá. Kíá ni irinṣẹ́ sọ pé díìsì kan, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, ló ń kú lọ. Wọ́n pààrọ̀ díìsì, kọ̀ǹpútà ò sì dákú mọ́.

Láoyè, o jókòó síbí, ò ń dúpẹ́ pé ilé rẹ ti tòrò látìgbà tí o ti kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ pé kó má dárúkọ ọtí tí ọmọ yín ń mu létí rẹ mọ́. Mi ò bá ọ yọ̀ o. Ò ń pe ìyàwó rẹ ní oníyọnu, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń wo ibi tí ìwọ ò fẹ́ wò. Dìde, máa lọ sílé. Bi í ní ohun tó rí, kó o sì panu mọ́ títí á fi sọ ọ́ tán. Òun ti dákẹ́ lóòótọ́. Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti fi ọtí sílẹ̀?