Síìlì Páálí Ọ̀gá Ṣówándé

Ní gbogbo etí òkun náà, Ọ̀gá Ṣówándé nìkan ló ń ta ẹ̀rọ tó ń tọ́ apẹja sọ́nà lójú omi, ó sì ti là á kalẹ̀ pé òun kò ní tún ẹ̀rọ kankan ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ wáràńtì bí síìlì tí wọ́n fi lẹ ẹnu páálí rẹ̀ bá ti já. Apẹja kan, Ọmọ́gbẹ̀mí, gbé tirẹ̀ wá, torí pé agbami ló ń darí rẹ̀ sí nígbà tó bá fẹ́ wálé. Ọ̀gá ní, "Síìlì ti já. Máa lọ." Ọmọ́gbẹ̀mí kò jiyàn, ó ní, "Ó dáa, sà, ẹ ta tuntun fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tàn án kí n rí i." Tayọ̀tayọ̀ ni ọ̀gá fi já síìlì páálí tuntun. Ọmọ́gbẹ̀mí bá yíjú sí àwọn oníbàárà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ wò ó o! Síìlì ti já, mi ò sì tíì rà á. Wáràńtì ti parí nìyẹn!" Àwọn tó ti mú ọjà dání bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Kíá ni ọ̀gá gba ẹ̀rọ tó bàjẹ́ náà láti tún un ṣe. Nígbà tí Ọmọ́gbẹ̀mí padà wá gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Gbogbo ibi tí ẹja pọ̀ sí, tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí nínú ẹ̀rọ náà kó tó kú, ti lọ. Ó ní, "Ẹ ò bi mí, sà." Ọ̀gá dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ìwọ náà ò sọ." Ọmọ́gbẹ̀mí gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì jáde, nítorí lóòótọ́ ni kò sọ.