Fèrèsé Láoyè

"Ká tó sín ọmọ ní gbẹ́rẹ́, ká kọ́kọ́ gbé e kúrò lójú fèrèsé." Gbogbo wa la ń pa òwe yìí, a tilẹ̀ ń fi í bá ara wa jà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ilé tí fèrèsé náà wà?

Ilé Láoyè káfíńtà ni. Níbi tó ti ń tún ilé òyìnbó kan ṣe ni wọ́n ti fún un ní ègé gíláàsì onígun mẹ́ta kan tó já lára àtùpà. Ó fi okùn so ó mọ́ fèrèsé nírọ̀lẹ́, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ ní ìdájí.

Nígbà tí oòrùn yọ, Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ rí i pé iwájú orí Málọmọ́, ọmọ wọn olóṣù mẹ́rin tó wà lórí ẹní, pọ́n fòò lókè, ó rí bí ìyeyè láàárín, ó sì ní àwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Ọmọ méjì ti kú mọ́ Àyọ̀ká lọ́wọ́ ṣáájú eléyìí. Ó figbe ta.

Ìyá ọkọ rẹ̀ sáré wọlé. "Má gbé e o! A kì í gbé irú èyí nílẹ̀, kó má baà wọnú!" Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Olóòlà.

Kí bàbá náà tó dé, àwọ̀ yẹn ti sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ẹ̀rín?

"Àyà ló ń lọ," ni Bàbá Olóòlà wí, ó yọ abẹ. "Gbẹ́rẹ́ mọ́kànlélógún, kíákíá. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Àyọ̀ká wo abẹ, ó wo ọmọ. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó já ọmọ gbà, ó sá dé ẹnu ọ̀nà.

Ara ọmọ mọ́ tónítóní. Orí ẹní ni àrùn kù sí.

Bàbá Olóòlà na ọwọ́ síbẹ̀, àwọ̀ náà gun ọwọ́ òun náà. Ó gbójú sókè, ó rí gíláàsì tí oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ nínú rẹ̀, tó sì pín sí àwọ̀ oríṣiríṣi. Abẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Láoyè, èmi àti ẹ̀yin ì bá dá ọmọ aláìṣẹ̀ lóró." Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ fìyà jẹ ẹnì kan nítorí àbàwọ́n tí wọ́n rí lára rẹ̀, láìtíì wo ibi tí ìyẹn ti bá a, òwe yìí ni àwọn àgbà ń pa: ká tó sín ọmọ ní gbẹ́rẹ́, ká kọ́kọ́ gbé e kúrò lójú fèrèsé. Málọmọ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pa á, nígbà tó ti hewú. Kò sí ojú abẹ kan láyà rẹ̀.