Ará Ìdí Ààrò Lórí Òkè Amúnikùn

Òwe kan wà ní Ìdó-Ọsàn tó máa ń rú àlejò lójú. Wọ́n á ní, "A kì í bi ará ìdí ààrò bí ojú ọjọ́ ṣe rí." Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ á ní, kí ló dé? Ṣé ẹni tó ń dáná kò lójú ni? Ṣé kò lè yọrí síta kó wo ojú ọ̀run ni? Àwọn mìíràn tilẹ̀ rò pé obìnrin ni wọ́n fi ń bú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló bí òwe náà, lọ́jọ́ tí wọ́n sì kọ́kọ́ pa á, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Akínlàjà ni orúkọ ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí. Ó ń fi ọkọ̀ kékeré gbé èrò kiri àwọn abúlé abẹ́ Òkè Amúnikùn, ó sì fẹ́ràn ọkọ̀ náà bí ẹni fẹ́ràn àkọ́bí. Bí awakọ̀ mìíràn bá ya á sílẹ̀ lójú pópó, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ló bá gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá ń yọ ilé fílítà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ọkọ̀, tí wọ́n ń fi pípù gbọọrọ kan tó ń dán yinrin rọ́pò rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí dáadáa. Imú tuntun ni wọ́n ń pè é. Kò sùn, kò wo, àfi ìgbà tó rí tirẹ̀ rà.

Múfútáù rewáyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ló bá a fi í sínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ti àtijọ́ tán, ohun kékeré kan ń rọ̀ dirodiro létí wáyà, kò tóbi ju orógbó lọ. Inú pípù àtijọ́ ló ti ń gbé tẹ́lẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé.

"Sẹ́ńsọ̀ nìyí," Múfútáù wí. "Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbóná tàbí ó tutù. Wáyà rẹ̀ kò dé ibi tí imú tuntun wà. Jẹ́ kí n fa wáyà gùn, kí n lu ihò fún un lára pípù. Fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọ̀la."

"Ọ̀la kẹ̀?" Akínlàjà ti ń fọwọ́ ra pípù náà bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin lára. "Èrò ń dúró dè mí. Ṣebí wáyà ṣì so mọ́ ọn? Ibi tó wù kí o so ó mọ́, á máa sọ̀rọ̀."

"Á sọ̀rọ̀ o. Ohun tí yóò máa sọ ni mi ò mọ̀."

"Múfú, ìwọ náà ti ń darúgbó. So ó mọ́bẹ̀ jàre."

Múfútáù mirí. Ó fi okùn ọ̀rá so sẹ́ńsọ̀ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, nítòsí irin tí èéfín ń gbà jáde, torí ibẹ̀ nìkan ni wáyà dé. Akínlàjà ṣáná sí ọkọ̀. Ọkọ̀ bú ramúramù! Àwọn èèyàn yọjú lójú fèrèsé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti dúpẹ́.

Láti ìgbà náà, kó tó dé ni adúgbò ti ń mọ̀ pé ó ń bọ̀. Lóòótọ́, bí ó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ́, ó máa ń ṣe é bíi pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń wúwo. Ṣùgbọ́n ariwo náà dùn létí rẹ̀, ẹni tí ariwo bá sì dùn mọ́ kì í gbọ́ àárẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ ọdún yẹn kò ṣeé fẹnu sọ: ètè ń là, omi inú ìkòkò ń ta ni léyín, àwọn àgbà kò yọwọ́ nínú aṣọ òtútù. Ìgbà náà ni oyún Mosúnmọ́lá, ìyàwó Akínlàjà, pé oṣù ìbí, ìyá rẹ̀ sì wá láti oko láti dúró tì í. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Wọ́n gbé e dé ilé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì wọn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru, ojú nọ́ọ̀sì yí padà.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ju agbára wa lọ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lórí òkè. Ẹ má yà síbì kankan."

"Ọkọ̀ mi wà níta," Akínlàjà dáhùn. Àní ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ká tó ṣẹ́jú, a ó ti débẹ̀."

Ọkọ̀ bú jáde ní Ìdó-Ọsàn, Mosúnmọ́lá àti ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ń sáré bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun Amúnikùn, nǹkan yí padà. Akínlàjà tẹ tọ́tù, ariwo pọ̀ sí i, eré dínkù. Ó já jíà wálẹ̀, ó tẹ tọ́tù dé ìdí. Ọkọ̀ ń ké bí ẹkùn, ó ń rìn bí ìgbín. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́.

"Ọkọ mi, sáré díẹ̀ sí i," Mosúnmọ́lá wí láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.

"Mo ń sáré, Mosún. Mo ń sáré."

Ó wo gíláàsì ẹ̀yìn. Obìnrin kan tó ru igi ìdáná ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tó máa tún wò, obìnrin náà ti dé ọ̀gangan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó yí ọrùn pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o," ó sì rìn kọjá lọ. Akínlàjà lanu, kò lè pa á dé. Ẹlẹ́sẹ̀! Ẹlẹ́sẹ̀ tó ru igi ló ya ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ yìí!

Lójijì ọkọ̀ gbọ̀n, ó kú sójú ọ̀nà. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni ìyá Mosúnmọ́lá ti kígbe:

"Akínlàjà! Orí ọmọ ti yọ!"

Ohun tó tẹ̀ lé e, Akínlàjà kò lè to ó lẹ́sẹẹsẹ títí dòní. Ó rántí pé obìnrin onígi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ gbì, tó sáré padà wá, tó tú ọ̀kan nínú ìró ìdí rẹ̀ láti fi gba ọmọ. Ó rántí pé ọmọ kò kọ́kọ́ ké, tí ìyá ìyàwó rẹ̀ dorí rẹ̀ kodò, tó ń gbá a lẹ́yìn, tó ń pè é pé, "Wá! Wá sílé!" Nígbà tí ọmọ ké, Akínlàjà yíjú sí ìyàwó rẹ̀ láti sọ fún un, ó sì rí i pé funfun ojú nìkan ló kù. Gìrì ti gbé e. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, eyín rẹ̀ há pinpin.

Akínlàjà bọ́ sáàárín ọ̀nà, ó na apá méjèèjì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu ló dúró. Orí iṣu ni wọ́n tẹ́ Mosúnmọ́lá sí, ọkọ rẹ̀ di orí rẹ̀ mú, ìyá rẹ̀ fi aṣọ òtútù wé ọmọ mọ́ àyà. Èémí tín-ínrín ló kù nímú rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ọsibítù. Àwọn dókítà gbà á wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sán pọ́n kí ọ̀kan nínú wọn tó jáde wá sọ pé, "Ó ti mọ ibi tó wà. Ó ń béèrè ọmọ rẹ̀." Akínlàjà jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́, ó sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, Múfútáù gòkè wá. Akínlàjà àti ìyá ìyàwó rẹ̀ bá a sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí ọkọ̀ kú sí. Ọkọ̀ ti tutù, ó ṣáná lẹ́ẹ̀kan náà, èyí sì tún ya Akínlàjà lẹ́nu. Múfútáù jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ fi gbóná, ó wá so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bi ọkọ̀ léèrè mọ́ ọn. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà. Ó tún un wò.

"Kí ló sọ?" Akínlàjà béèrè.

"Sẹ́ńsọ̀ ní afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń mí sínú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó omi tó ń hó. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù á bà á kí ẹ́ńjìnnì má bàa bàjẹ́, á fa agbára sẹ́yìn."

"Ooru?" Ìyá Mosúnmọ́lá fa aṣọ mọ́ra. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́ lórí òkè, eyín ìyá ń gbá ara wọn. "Ooru wo? Nínú ọyẹ́ tó fẹ́ pa wá yìí? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

Múfútáù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó nàka sí ohun kékeré náà níbi tó so mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin gbígbóná. Okùn ọ̀rá ti ń yọ́.

"Òun ni, Màmá. Kò purọ́. Ibi tí a gbé e sí ló ń ròyìn. Èmi ni mo so ó síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò dáa."

"Èmi ni mo ní kó so ó," Akínlàjà wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ìyá wo ọkọ ọmọ rẹ̀, ó wo rewáyà. Kò bínú. Ìyàlẹ́nu ló gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ó ní, "ará ìdí ààrò lẹ wá ń bi bí ojú ọjọ́ ṣe rí? Ọmọ mi sì fẹ́ kú sí i?"

Múfútáù tú sẹ́ńsọ̀ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin.

Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọmọ náà, bí àṣà ti wí fún ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó wọ ìlú, kò sì jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí Baálẹ̀ Ìdó-Ọsàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ebi ń pa ará ìlú, tó sì ń bi àwọn tó ń bá a jẹun léèrè, àgbà kan á wúkọ́ lẹ́yìn, á ní, "Baálẹ̀, kò sí irọ́ lẹ́nu wọn o. Ṣùgbọ́n a kì í bi ará ìdí ààrò bí ojú ọjọ́ ṣe rí."