Ẹrù Tó Wà Lórí Mọrẹ́nikéjì

"Gba ẹrù lórí ẹni, kí o tó júwe ọ̀nà mìíràn fún un." Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ìkìrun, ẹ ó gbọ́ òwe yìí dáadáa. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Kò tíì pẹ́ rárá.

Aláàárù ni Bàbá Àlàó ní ibùdó rélùwéè nígbà èwe rẹ̀. Ọjọ́ ogbó ni ojú rẹ̀ fọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mọrẹ́nikéjì, ń ṣiṣẹ́ kíkọ ètò sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kan, bàbá ṣi oògùn lò, ó sì dákú. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti ń kọ ètò kan: bí bàbá bá na fóònù sí ìgò oògùn, fóònù á pe orúkọ oògùn náà sí i létí. Oṣù mẹ́jọ ló fi kọ ọ́. Òótọ́ ni ètò náà ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó fọhùn. Ọwọ́ bàbá a sì máa gbọ̀n. Kí fóònù tó sọ̀rọ̀, ìgò á ti yẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀.

Túbọ̀sún, ọ̀gá Mọrẹ́nikéjì níbi iṣẹ́, wá kí bàbá. Ó wo iṣẹ́ náà fìrí, ó ní, "Èdè kọ̀ǹpútà tí o fi kọ ọ́ ni kò jẹ́ kó yára. Da gbogbo rẹ̀ nù, kí o fi èdè mìíràn kọ ọ́."

Mọrẹ́nikéjì bo ojú, ó sì bú sẹ́kún.

Bàbá gbọ́ ọ láti orí ìjókòó rẹ̀. "Túbọ̀sún, ọ̀nà tí o júwe lè dára o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń ru kòkó, ẹni tó bá fẹ́ júwe ọ̀nà fún mi, kó kọ́kọ́ gba ẹrù lórí mi ná. Ọrùn tó ń dunni kì í jẹ́ kí etí gbọ́ràn."

Ojú ti Túbọ̀sún. "Ẹ má bínú, Bàbá." Ó fa àga sún mọ́ Mọrẹ́nikéjì. "Fi iṣẹ́ náà hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kà á. Ibi kan ṣoṣo ló ń fa ìdádúró, ibi tí fóònù ti ń wo àwòrán ìgò tó yà. Wọ́n gbìyànjú láti tún un ṣe ní èdè àkọ́kọ́, kò gbà. Ìgbà náà ni Túbọ̀sún rọra béèrè pé, "Ṣé ká fi èdè kejì kọ ibí yìí nìkan? Ìyókù iṣẹ́ rẹ dára, a ò ní fọwọ́ kàn án."

Mọrẹ́nikéjì rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀, sà."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá na fóònù sí ìgò kan. Kíá ló fọhùn: "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹyọ kan, láàárọ̀." Ohùn Mọrẹ́nikéjì ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Bàbá gbé fóònù náà mọ́ àyà. "Mo ti gbọ́, ọmọ mi."

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wa fi ń pa òwe yìí fún ẹni tí ìmọ̀ràn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tí kò tíì jókòó ti oníṣòro: gba ẹrù lórí ẹni, kí o tó júwe ọ̀nà mìíràn fún un.