Bí Lékeléke Ṣe Di Ẹni Tí Ń Tọ Màlúù Lẹ́yìn

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹyẹ, ẹranko àti ènìyàn ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, lékeléke kì í gbé inú pápá. Etí òkun ni ilé rẹ̀, níbi tí omi iyọ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn, tí kò jìn ju orúnkún lọ. Kì í jẹ tata, kì í jẹ eṣinṣin. Ẹja ni oúnjẹ rẹ̀.

Iṣẹ́ afinimọ̀nà ni Lékeléke ń ṣe. Àwọn ará òkè a máa wá pẹja, ṣùgbọ́n wọn kò mọ omi. Wọn kò mọ ibi tí iyanrìn ti le àti ibi tí ilẹ̀ ti já sínú ibú. Lékeléke ti ri àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ láti fi ọ̀nà tó dára hàn. Òun a ṣíwájú, àlejò a tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá dé ibi tí ẹja wà, Lékeléke a fa ìyẹ́ kan yọ lára rẹ̀, a so ó mọ́ ìwọ̀, a ní kí àlejò jù ú sójú omi jẹ́jẹ́. Ẹja a rò pé kòkòrò ló já bọ́, a sì gbé e mì.

Bí àlejò bá ń padà lọ, a fún Lékeléke ní ẹja, a sì yìn ín. Ẹja náà dùn, ṣùgbọ́n ìyìn yẹn ló dùn mọ́ Lékeléke jù.

Akàn ń gbé nítòsí, lábẹ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà tó dúró sínú omi. Ìsàlẹ̀ omi ló ń rìn, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ ibi tí ẹja ti ń jẹun bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi í, òun náà kò sì sọ.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan tí ń jẹ́ Morádéyọ̀ dé láti òkè. Bàbá rẹ̀ ti ṣe apẹja ní etí òkun yẹn rí, kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Ọjọ́ kẹfà rèé tí àìsàn ti dá bàbá náà wó, kò sì fẹ́ fẹnu kan oúnjẹ. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń béèrè: ẹja etí òkun tí ìpẹ́ rẹ̀ ń dán bí fàdákà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi débẹ̀," Morádéyọ̀ bẹ Lékeléke. "Bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo, mi ò mọ̀ bóyá màá bá bàbá mi láyé."

Lékeléke na ọrùn sókè. "Fọkàn balẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wàá ti ru ẹja."

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ, kò pa ẹnu mọ́. Ó ń ròyìn àwọn àlejò ńláńlá tó ti mú wọ omi. Ó ń na ìyẹ́ síhìn-ín, ó ń na ìyẹ́ sọ́hùn-ún, òjìji rẹ̀ sì ń sáré lójú omi. Gbogbo ẹja sá lọ. Títí omi fi kún, ìwọ̀ Morádéyọ̀ kò mi.

Ó jókòó sétí omi, ó ń sunkún. Akàn yọ jáde lábẹ́ gbòǹgbò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Ẹja tí ẹ ń wá, ẹ̀yìn igi wọ̀nyẹn ló ti ń jẹun bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Bí ẹ bá fẹ́, ká jọ lọ lọ́la. Ẹ sáà má sọ̀rọ̀."

Lékeléke wà lórí ẹ̀ka lókè wọn. Ó gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kejì, ẹja fàdákà kan gbé ìwọ̀ Morádéyọ̀. Ó jà, ó já okùn, ó lọ. Síbẹ̀, ẹ̀rín ni obìnrin náà rín dé èbúté. "Mo fojú mi rí i!" ló ń sọ fún àwọn àlejò yòókù. "Akàn ni kí ẹ bá lọ. Ó mọ omi bí ẹni mọ inú yàrá rẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àlejò mẹ́ta ló ti bi Lékeléke pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni Akàn ń gbé?"

Ìbéèrè náà gún un bí eegun ẹja. "Akàn! Akàn tí kò lọ́rùn! Ta ló la ọ̀nà inú omi yìí?" Ẹja tó wà níwájú rẹ̀ korò lẹ́nu rẹ̀. Bí Akàn bá rìn, inú a bí i. Bí Akàn bá dúró, inú a bí i.

Akàn tọ̀ ọ́ wá. "Ẹ̀gbọ́n, omi yìí gba àwa méjèèjì. Ẹ̀yin ẹ máa wo òkè, èmi a máa wo ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ máa mú wọn lọ."

"Èmi àti ta?" Lékeléke kẹ̀yìn sí i.

Ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jí, Lékeléke fi ẹnu fa àwọn igi ọ̀nà tu. Ó tún wọn rì sí ẹ̀bá ibú. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Omi á mu Morádéyọ̀ dé ìbàdí, ẹ̀rù á bà á. Yóò mọ̀ pé Akàn ò mọ nǹkan kan."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Akàn ṣíwájú lábẹ́ omi láti wá ẹja. Igi ni Morádéyọ̀ ń tẹ̀lé. Omi dé orúnkún rẹ̀. Omi dé ìbàdí. Lórí ẹ̀ka, inú Lékeléke dùn. Ṣùgbọ́n omi ń wọlé kíákíá, obìnrin náà kò sì dúró. Ó ku ẹsẹ̀ kan kó dé ibú.

Lékeléke fò sókè, ó kígbe. "Dúró! Má gbẹ́sẹ̀! Èmi ni mo sún igi!"

Ó ti pẹ́ jù. Ibú gbé Morádéyọ̀.

Akàn gbọ́ igbe náà. Ó sáré padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gán etí ìró obìnrin náà, ó sì fi ẹsẹ̀ yòókù walẹ̀ ṣinṣin. Ó ń fà, omi ń fà. Ó ń fà, omi ń fà. Nígbà tó yá, ọwọ́ Morádéyọ̀ ba gbòǹgbò ẹ̀gbà.

Ó wú ikọ́ títí, ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ sún igi? Kí ni mo ṣe fún yín?"

Lékeléke fi orí pamọ́ sábẹ́ apá.

Akàn wò ó. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí.

Morádéyọ̀ àti Akàn tún igi rì síbi tó yẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, ẹja fàdákà gbé ìwọ̀, okùn kò sì já. Àwọn tó ti òkè wá lẹ́yìn náà ròyìn pé bàbá afọ́jú jẹ ẹja náà torí-tìrù, ó sì dìde jókòó.

Ẹnikẹ́ni kò lé Lékeléke. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí àlejò máa bọ̀, àlejò a wo igi, a wo ojú rẹ̀, a sì dúró. Òun náà, bó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi, ọwọ́ obìnrin tó ń rì ló ń rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fò lọ sí ilẹ̀ òkè, kò dágbére fún ẹnì kankan.

Ó bá Màlúù nínú pápá, eṣinṣin bò ó lójú.

"Kí lò ń wá?" Màlúù bi í.

"Ẹni tí màá fi mọ̀nà."

"Èmi mọ ọ̀nà mi," ni Màlúù wí. "Eṣinṣin ló fẹ́ pa mí. Bí o bá lè máa tẹ̀lé mi, wàá yó."

Tẹ̀lé! Ọ̀rọ̀ náà wúwo fún ẹni tó ti ń ṣíwájú láti ọjọ́ tó ti dáyé. Lékeléke wo apá ibi tí òkun wà. "Màá tẹ̀lé ọ," ó ní.

Ẹsẹ̀ Màlúù ru koríko, tata fò, Lékeléke ṣà á jẹ. Kò dùn bí ẹja, ṣùgbọ́n ó yó.

Ní ìrọ̀lẹ́, lékeléke mìíràn tí ebi ń pa dúró lókèèrè. "Ṣé àyè wà?"

Ìlara àtijọ́ gbérí. Ọrùn Lékeléke nà sókè. Lẹ́yìn náà, ó rọra tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sún fún un. "Àyè wà. Máa bọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni lékeléke ti fi omi iyọ̀ sílẹ̀ fún akàn, tí ó ń tọ màlúù lẹ́yìn, tí ó ń jẹ tata àti eṣinṣin. Ibi tí màlúù bá yà sí ni òun náà ń yà sí. Bí ẹ bá sì rí lékeléke mẹ́rin lórí màlúù kan ṣoṣo, ẹ wò wọ́n dáadáa: wọn kì í jà.